Èyí Kọ́ Ni Tèmi

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó gbin àgbálùmọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn ilé wa ní Agric, n'Ìkòròdú. Kóró àgbálùmọ̀ tí a jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni. Bí àwọn yòókù ṣe ń fi kóró tiwọn ṣeré, òun ti fọ tirẹ̀ mọ́, ó ń wá ibi tí yóò rì í sí. A fi ìṣó lu ìdí agolo mílíìkì kan kí omi má baà dá dúró sínú rẹ̀, a bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, ó sì fi ìka ti kóró náà wọlẹ̀. Ó lé lóṣù kan kó tó yọrí. Nígbà tí òjò balẹ̀ dáadáa, a tú u kúrò nínú agolo, a gbìn ín sílẹ̀ nítòsí ògiri. Láràárọ̀, kí ó tó wọ aṣọ iléèwé, yóò ti lọ bẹ̀ ẹ́ wò, ife omi lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n gba ọlidé, wọ́n mú un lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ ìyá wa ní Ẹ̀pẹ́. Kí ó tó wọ mọ́tò, ó fi igi náà lé mi lọ́wọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, mo sẹ́ omi ìrẹsì gbígbóná dànù sẹ́yìn ilé nínú òkùnkùn. Orí igi ọmọ ni mo dà á sí. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti rọ. Mo lọ bá àwọn tó ń ta irúgbìn lẹ́bàá títì, mo ra àgbálùmọ̀ mìíràn tó ga tó o, mo gbìn ín sójú kan náà, mo sì pa ẹnu mọ́.

Ọmọ dé, kò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tó fi dé ẹ̀yìnkùlé. Ó lóṣòó ti igi náà fún ìgbà díẹ̀.

“Àǹtí, èyí kọ́ ni tèmi. Ewé kan wà lára tèmi tí ewúrẹ́ ti gé ṣónṣó rẹ̀ jẹ.”

Àánú ló mú mi ṣe é. N kò fẹ́ kí ó sunkún. Àánú sì wà lára ìwà ọmọlúàbí, kò sẹ́ni tó lè jà mí níyàn. Àmọ́ ká sọ tòótọ́, kì í ṣe ẹkún rẹ̀ nìkan ni mo ń sá fún. Mò ń sá fún kí ọmọ kékeré bi mí pé kí ni mo fi ohun tí òun fi sí ìkáwọ́ mi ṣe. Àgbàlagbà tí kò lè wojú ọmọdé kó ní “èmi ni mo jẹ̀bi”, ìwà rẹ̀ kù síbì kan. Lójú mi, àgbálùmọ̀ ni àgbálùmọ̀. Lójú tirẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ó mọ ewé rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ àpá ara ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ igi rẹ̀ yìí mú mi ronú nípa àwọn igi tí àwọn ọmọ ń gbìn níléèwé. Láti ọdún 2008, nígbà ìjọba Gómìnà Babatunde Fashola, ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ya ọjọ́ 14 oṣù keje sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn. Ohun rere ni, mo sì fẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ yẹn wo ọdún iléèwé. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn ọmọ á fi gba ọlidé gbọọrọ. Oṣù kẹjọ á dé, òjò á sinmi díẹ̀. Igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá gbòǹgbò wà lọ́gbà iléèwé, ọmọ tó gbìn ín wà nílé, géètì wà ní títì. Ọyẹ́ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún èbù tó ní igba lòun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Àwa lè má purọ́ rárá nípa iye tí a gbìn. Iye tó yè ni a kì í kà.

Wangari Maathai mọ èyí dáadáa. Nígbà tó dá ẹgbẹ́ Green Belt Movement sílẹ̀ ní Kẹ́ńyà lọ́dún 1977, owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n ń san fún àwọn obìnrin abúlé, orí igi tó bá yè ni wọ́n ń san án lé. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà lọ́dún 2004. Nígbà tí òun náà wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ fún un ní ilẹ̀ kékeré kan nínú oko, tirẹ̀ ni. Yóò gbin ẹ̀wà àti àgbàdo, ara rẹ̀ á wá yá gágá, á hú ilẹ̀ wò bóyá wọ́n ti ń hù. Ìyá rẹ̀ kò gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì bá a gbìn ín. Ó kàn ní kó bò ó padà, kó fi í sílẹ̀. Sùúrù tí ọ̀pọ̀ wa ń fi ẹgba kọ́ ọmọ, obìnrin yẹn fi ẹ̀wà mélòó kan kọ́ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹgba yìí ń dùn mí. Níléèwé tí mo lọ, àwọn tó bá pẹ́ ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n lọ bomi rin òdòdó, àwọn tó bá pariwo á lọ gé koríko. Ìyà ni a fi mọ ìtọ́jú ohun ọ̀gbìn. Báwo la ṣe wá ń retí pé kí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ dàgbà tán kí wọ́n fẹ́ràn igi? Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n hú máńgòrò tó wà níbẹ̀, wọ́n fi íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo ilẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ géètì. Mò ń rí i lójoojúmọ́ láti Agric títí wọ Ọ̀wùtù. Ẹni tó ní kò sílẹ̀ mọ́, kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí tó fún ọmọ kan.

Mo jẹ́wọ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó dé náà. Ó sunkún, ẹkún náà sì pẹ́. Ó bi mí bóyá omi náà gbóná gan-an. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé mo rí i nígbà tó ń kú ni. Mo ní rárá, òkùnkùn ni. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí èyí tí mo rà.

“Tiyín nìyẹn, Àǹtí. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa bomi rin ín.”

Nígbà tí àgbálùmọ̀ tún dé, ó fọ kóró mìíràn, ó sì lọ wá agolo fúnra rẹ̀. Láràárọ̀, tó bá ti bomi rin tirẹ̀ tán, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, á fọwọ́ kan ilẹ̀ ìdí rẹ̀ bóyá ó tutù.