Òfin Keje àti Ètò Kọ̀ǹpútà tí A Kò San Owó Rẹ̀



Nínú ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, a rí i pé Òfin Keje kọ̀ fún wa láti mú ohun ọmọnìkejì wa ní ọ̀nà àìtọ́, tàbí láti pa á mọ́ sọ́wọ́. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ náà ní Sakété, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú yín dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, kí ó sì máa kó ètò sínú wọn fún àwọn oníbàárà. Ó ní: «Bàbá katikísì, a kò ra ọ̀kankan nínú àwọn ètò tí mo ń kó fún àwọn ènìyàn. Inú clé USB kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà. Ṣé olè ni mò ń jà? Bí ó bá jẹ́ olè, ṣé mo lè gba Ìrìbọmi?»

N kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà tí mo fi tẹ ẹ̀kọ́ Òfin Keje gan-an, àlòkù ni mo rà á ní Kútọnu. Ẹni tí ó tà á fún mi ti kó oríṣiríṣi ètò sínú rẹ̀, n kò sì béèrè ibi tí ó ti rí wọn. Àwọn baba wa sọ pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Mo mọ̀ pé èmi ni mo gba epo náà sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò.

1. Kí ni ètò kọ̀ǹpútà?

Ètò tí àwọn tó ka ìwé Faransé ń pè ní logiciel ni àwọn àṣẹ tí ènìyàn kọ lẹ́sẹẹsẹ, kí kọ̀ǹpútà lè mọ ohun tí yóò ṣe. A kò lè fi ọwọ́ kàn án bí a ti ń fi ọwọ́ kan ìṣù tàbí aṣọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni.

Ẹ̀yin ará Pobè, ẹ mọ ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tí ó wà ní ìlú yín láti ọdún 1922. Àwọn onímọ̀ a máa mú ọ̀pẹ tí eepo líle tí ó bo ekùrọ́ rẹ̀ nípọn, wọn a sì fi èyí tí kò ní eepo gbà á lóyún, kí wọ́n lè rí ọ̀pẹ tí eepo rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí epo rẹ̀ sì pọ̀. Ẹni tí ó ra irúgbìn náà kò ra ekùrọ́ lásán. Ó ra ọdún púpọ̀ tí àwọn ènìyàn fi ronú, tí wọ́n fi dúró, tí wọ́n kùnà, tí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ètò kọ̀ǹpútà rí. Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì kọ́ wa nínú ìwé rẹ̀ Centesimus Annus ní ọdún 1991 pé ní àkókò tiwa yìí, ìmọ̀ àti ọgbọ́n iṣẹ́ jẹ́ ohun ìní, kò sì kéré sí ilẹ̀ àti ohun inú ilẹ̀.

2. Kí ni Ìjọ kọ́ wa?

Katikísìmù Ìjọ Kátólíìkì, ní nọ́ńbà 2408, fi yé wa pé olè ni gbígba ohun ẹlòmíràn nígbà tí olóhun kò fẹ́, tí àìfẹ́ rẹ̀ sì bá ọgbọ́n mu. Ẹ kíyè sí i: ìfẹ́ olóhun ni ọ̀rọ̀ náà dúró lé. Bí olóhun bá fi àyè gba ènìyàn láti ṣe ẹ̀dà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá ní kí a san owó kí a tó lò ó, ẹ̀dà tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò tọ́.

Katikísìmù kan náà sọ pé nígbà tí àìní bá le, tí kò sí ọ̀nà mìíràn láti rí oúnjẹ, ibùgbé tàbí aṣọ, ẹni tí ó mú nínú ohun ẹlòmíràn kò jalè, nítorí gbogbo ènìyàn ni Ọlọ́run dá ohun ayé fún. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ebi yóò pa kú nítorí pé kò ní ètò ìtẹ̀wé?

3. Kí ni òfin ìlú wí?

Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wà nínú àjọ OAPI, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Yaoundé. Àdéhùn Bangui ti ọdún 1977 ni ó fi ìdí àjọ náà múlẹ̀. A tún un ṣe ní 1999 àti ní 2015. Àfikún Keje àdéhùn náà ni ó sọ nípa iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé, ó sì ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ ìwé tí ènìyàn kọ. Ẹni tí ó ra ètò ní ọ̀nà ẹ̀tọ́ lè ṣe ẹ̀dà kan pamọ́ nítorí ọjọ́ tí èyí tí ó rà bá bàjẹ́. Kò lè ṣe ẹ̀dà fún gbogbo àdúgbò. Orílẹ̀-èdè wa tún ní òfin tirẹ̀, nọ́ńbà 2005-30, tí a fi ọwọ́ sí ní 2006, tí ó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé. Lóòótọ́, ṣọ́ọ̀bù tí ń ṣe ẹ̀dà pọ̀ lọ́jà, díẹ̀ sì ni a ń mú. Ṣùgbọ́n Kristẹni kò pa òfin mọ́ nítorí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá nìkan. Nítorí ẹ̀rí ọkàn ni, gẹ́gẹ́ bí Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ti kọ́ àwọn ará Romu (Romu 13).

4. Àwọn àwáwí wa

Àwọn kan a máa wí pé: «Bí mo bá ṣe ẹ̀dà, ti olóhun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.» Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ro oko fún ọ, tí o kò san owó rẹ̀, ọkọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Òógùn rẹ̀ ni o jẹ. Ẹ ka Jakọbu 5:4, kí ẹ rí ibi tí igbe owó iṣẹ́ tí a kò san ń dé.

Àwọn mìíràn a ní: «Olówó ni wọ́n, òtòṣì ni wá.» Ìwé Lefitiku 19:15 kò gbà kí a ṣe ojúsàájú, ì báà jẹ́ fún olówó tàbí fún òtòṣì. Bí a bá sì gé igi nígbó, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀ràn ro ara wa wò. Àwọn ọmọ tiwa náà ń kọ ètò ní Kútọnu. Bí a kò bá san owó fún ẹnikẹ́ni, kí ni wọn yóò jẹ?

Síbẹ̀, n kò ní fi ọ̀rọ̀ bo òtítọ́. Láti oṣù kíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ ní orílẹ̀-èdè wa jẹ́ 52.000 fráǹkì. Àwọn ètò kan wà tí iye wọn ju èyí lọ. Ẹni tí ó ń tà ní iye tí ń tẹ aláìní mọ́lẹ̀ yóò dáhùn níwájú Ọlọ́run, nítorí Katikísìmù (2409) dá gbígbówólórí nítorí àìní ẹlòmíràn lẹ́bi pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò sọ tiwa di òdodo.

5. Kí ni kí a ṣe?

Ọ̀nà kan ṣí sílẹ̀. Àwọn ètò wà tí àwọn tó kọ wọ́n fi àyè gba gbogbo ènìyàn láti lò, láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, àti láti fi fún ọ̀rẹ́. Ubuntu, tí ó jáde ní 2004, jẹ́ ọ̀kan. Ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni ó dá a sílẹ̀, láti inú èdè ilẹ̀ náà ni ó sì ti mú orúkọ rẹ̀. LibreOffice fún ìtẹ̀wé, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, jẹ́ òmíràn. Mo yọ àwọn ti àtijọ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà mi. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ẹ̀kọ́ tí mo ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń dàrú bí mo bá ṣí wọn, inú sì ń bí mi. LibreOffice ni mo fi tẹ èyí tí ẹ ń kà yìí.

Mo wá dá ọ̀dọ́mọkùnrin náà lóhùn pé: «Ìrìbọmi kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó ń ronú pìwà dà. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ náà, wọn yóò bi ọ́ bóyá o kọ Sátánì àti iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. O kò lè dáhùn ‘Mo kọ̀ ọ́’ kí clé náà sì wà lápò rẹ.» Ẹ rántí Sakeu (Luku 19): kò fi ẹnu nìkan ronú pìwà dà, ó dá ohun tí ó gbà padà. Bí a bá mọ olóhun, tí agbára wa sì gbé e, kí a san án. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí a bi àlùfáà léèrè bí a ó ti ṣe é.

Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ètò ọ̀fẹ́ fún àwọn oníbàárà, owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó sì ń gbà. Àwọn kan gbà. Àwọn mìíràn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ọ̀gá rẹ̀ kò tíì lé e, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Ará, bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà tí ó bàjẹ́, ẹ gbé e tọ̀ ọ́ lọ. Kò yẹ kí ìjọ gbóríyìn fún òdodo ẹnìkan, kí a sì jẹ́ kí ebi pa á.

Ìbéèrè fún àròjinlẹ̀

Kí ni ó wà lọ́wọ́ mi tí n kò san owó rẹ̀? Ta ni ó ṣiṣẹ́ rẹ̀? Kí ni mo lè dá padà kí òru Àjíǹde tó dé?

Àdúrà

Olúwa Jésù, ìwọ tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣiṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, kọ́ wa láti bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọmọnìkejì wa. Wẹ ọwọ́ wa mọ́ kí omi Ìrìbọmi tó kàn wá lórí. Àmín.