Ṣé Kí Á Bá Wọn Ṣe É Ni, Àbí Kí Á Dúró Tì Wọ́n?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí í fúnni ní àlàáfíà, tí í sì í dán ẹrú Rẹ̀ wò. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, nígbà ìsinmi Iléyá, àwọn kan nínú wa yóò délé bá bàbá tàbí ìyá tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù, tí ara wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé nínú Sūratul-Isrā’i, ẹsẹ 23 àti 24, Ọlọ́hun fi ṣíṣe dáadáa sí òbí tẹ̀lé jíjọ́sìn fún Òun nìkan. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀wò ni pé: kí ni dáadáa náà fún òbí tó wà nírú ipò yìí? Ṣé kí á máa bá wọn ṣe gbogbo nǹkan ni, àbí kí á jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é fúnra wọn?

Àwọn àgbà ní, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Nítorí náà, bí Bàbá bá na ọwọ́ sí ṣíbí, a ó ti já a gbà, a ó máa fi bọ́ wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, tí ahọ́n wúwo, a ó ti bá wọn parí rẹ̀. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo àìsàn náà. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí apá kan ọpọlọ ló dí, tàbí ó bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì máa ń fà á jù. Ibi tó bàjẹ́ náà kò lè darí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí aláìsàn bá ń lo ọwọ́ náà léraléra, ibi tó kù nínú ọpọlọ lè kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún. Ọwọ́ tí a kò lò, ńṣe ni yóò máa le, tí agbára rẹ̀ yóò sì máa dínkù. Ẹni tó ń gba ṣíbí lọ́wọ́ aláìsàn lójoojúmọ́ ń gba lára ìwòsàn rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹlòmíràn á wá ní, “Ó dáa, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa tiraka.” Èyí náà kò tọ́. Ẹsẹ̀ tí kò tíì ranlẹ̀ lè gbé wọn ṣubú. Oúnjẹ lè há wọn lọ́fun. Ẹkún tàbí ẹ̀rín tó ń ṣàdédé bọ́ lẹ́nu wọn sì lè jẹ́ ti àìsàn náà, kì í ṣe ìwà ọmọdé.

Ẹ̀sìn wa ti fi ọ̀nà hàn wá nínú ìrun. Aláìsàn tí kò lè dúró, ìjókòó ni yóò ti kírun. Ẹni tí kò lè jókòó, ìdùbúlẹ̀ ni. Hadīth ‘Imrān ọmọ Husayn nínú ìwé Bukhārī ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí: Ọlọ́hun kò ní kí ọmọ bá a kí i, kò sì ní kí ó dìde tipátipá. Ó sọ iṣẹ́ náà kalẹ̀ dé ibi tí agbára ẹrú Rẹ̀ mọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹrú náà ló ṣì jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí á ṣe. Ẹ gbé omi àlùwàlá sún mọ́ Màmá, kí wọ́n fọ ibi tí ọwọ́ wọn dé, kí ẹ bá wọn fọ èyí tó kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó dáadáa, ẹ gé ẹran náà wẹ́wẹ́, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mú un jẹ.

Àgbò Iléyá ńkọ́? Ẹni tí kò lè dú ẹran fúnra rẹ̀ lè yan ẹlòmíràn. Yíyàn yẹn, ẹ má gbà á lọ́wọ́ Bàbá. Ẹ bi wọ́n pé, “Bàbá, ta ni ẹ fẹ́ kó bá yín dú u?” kí ẹ sì dúró de èsì, bó ti wù kó pẹ́ tó. Bí àlejò bá ń bi yín lójú wọn pé, “Báwo ni ara wọn?” ẹ ní kó bi wọ́n fúnra wọn. Pé ẹnu wúwo kò ní kí òye ti lọ.

Ẹ má sì gbàgbé ìyá tàbí àbúrò tó ń tọ́jú wọn láti oṣù dé oṣù. Ọjọ́ díẹ̀ ni tiwa. Kí á kọ́ bí wọ́n ti ń ṣe é, kí á jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn, kí á má wá ẹ̀sùn sí wọn lẹ́sẹ̀. Kí á rí i pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò tán nílé, pé iyọ̀ kò pọ̀ nínú ọbẹ̀ ọdún.

Nígbà tí a ń kọ́ ìrìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀, àwọn òbí wa kò pọ̀n wá títí ayé, wọn kò sì fi wá sílẹ̀. Wọ́n sún sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ń dúró dè wá. Gbèsè tí a jẹ wọ́n nìyẹn.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn òbí wa tó ń ṣàìsàn ní àlàáfíà, kí Ó sì fún àwa ọmọ ní sùúrù láti dúró tì wọ́n. Āmīn.