À-jẹ-wálé: Ewúrẹ́ Sísìn Bó Ti Yẹ

Ewúrẹ́ ń jẹ, ó ń relé. Àgùntàn ń jẹ, ó ń relé. À-jẹ-ì-wálé ló ba ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ọmọ ò tíì wọlé, bí ọkọ bá gbàgbé ojú ọ̀nà ilé rẹ̀, òwe yìí ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu àgbà. Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń bú ni, ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń yin ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òwe náà ò sọ: kí ni ewúrẹ́ rí nílé tó fi ń padà? Ẹran tó jẹ yó nínú igbó, tí okùn ò sí lọ́rùn rẹ̀, kò sí òfin tó ní kó wálé. Bó bá wálé, ohun kan ló ń fà á. Ẹni tó mọ ohun tó ń fà á, tó sì ń pèsè rẹ̀ lójoojúmọ́, òun ló ń sin ẹran. Ẹni tí kò pèsè ohunkóhun, tó kàn ń retí pé kí ewúrẹ́ bímọ kí òun tà, ọdẹ ló ń ṣe.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà ló yẹ ká wò ká tó ra ewúrẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń ra ẹran lónìí tó jẹ́ pé ọ̀la ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí yóò sùn. Ilé ewúrẹ́ ò dìgbà tí a bá fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ. Òpó igi mélòó kan, òrùlé páànù tàbí koríko, àti ilẹ̀ tó gbẹ, ó parí. Gbígbẹ yẹn gan-an ni kókó, torí ewúrẹ́ kórìíra omi. Òjò ò tíì balẹ̀ tán tí yóò ti sá wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibi tó bá rin ni pátákò ti ń jẹrà, ibẹ̀ náà ni aràn àti ikọ́ ti ń ráàyè. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń gbé ilẹ̀ rẹ̀ sókè. Wọ́n á to ọparun tàbí pákó sórí òpó kúkúrú, wọ́n á fi àlàfo sílẹ̀ láàárín wọn kí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ lè máa já bọ́ sísàlẹ̀, àlàfo náà ò sì ní fẹ̀ débi tí ẹsẹ̀ ọmọ ẹran á fi há síbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá gbá lábẹ́ rẹ̀, ajílẹ̀ ni fún ẹ̀fọ́ àti àgbàdo. Oko ń bọ́ ewúrẹ́, ewúrẹ́ náà ń bọ́ oko.

Irú èwo wá ni ká mú wọ ilé náà? Ojú máa ń tan olùrà. Ewúrẹ́ pupa Sókótó ga, ara rẹ̀ ń dán, awọ rẹ̀ sì ti lókìkí láti ayébáyé. Láyé àtijọ́, òun ni wọ́n ń kó gba aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Àríwá Áfíríkà, tí àwọn Òyìnbó fi ń pè é ní awọ Mòrókò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ ló mọ̀. Ilẹ̀ igbó tiwa ní eṣinṣin tsetse tó ń gbin àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ẹran, apá ewúrẹ́ Sókótó ò sì ká a. Ewúrẹ́ kúkúrú tiwa, tí gíga rẹ̀ kì í sábà ju 50 sẹ̀ǹtímítà lọ, ti bá eṣinṣin náà gbé títí ara rẹ̀ fi gbà á. Ó kéré lójú lóòótọ́, àmọ́ bó ṣe ń bí ìbejì, àwọn ará Igbó-Ọrà nìkan ló lè bá a dù ú.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ má fi etí ra ewúrẹ́. Ẹ ya ẹnu rẹ̀ wò. Kò ní eyín iwájú lókè, ìsàlẹ̀ ni mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wà. Bí méjì àárín bá ti tóbi ju ìyókù lọ, ó ti lé lọ́dún kan. Bí wọ́n bá ti jẹ dànù, tí òmíràn ti ká, ìyá àgbà lẹ fẹ́ sanwó fún. Ẹ wo imú rẹ̀ bóyá ó ń dà, ẹ gbé ìrù rẹ̀ bóyá ìgbẹ́ gbuuru ti lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ń bẹ lára. Bó bá funfun bí ẹ̀kọ, aràn ló ń mu ún. Ìpéǹpéjú yìí kì í ṣe ohun tí à ń wò lọ́jà nìkan. Ẹni tó bá ń wò ó lóṣooṣù nílé yóò mọ ẹran tó nílò oògùn aràn kí ó tó dùbúlẹ̀.

Ibi tí a bá so ewúrẹ́ mọ́ ni í ti í jẹ. Àwọn tó ń fi owó ìlú ra ilé ti sọ òwe yìí di àwáwí, ṣùgbọ́n ẹ bi ewúrẹ́ tí wọ́n so gan-an léèrè bí oúnjẹ ibẹ̀ ṣe ń tó o sí. Kì í pẹ́ tí yóò fi jẹ àyíká èèkàn náà mọ́lẹ̀, kó wá fi okùn wé ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Àgùntàn lè tẹrí ba kó máa jẹ koríko láti àárọ̀ dalẹ́. Ewúrẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Òkè ló ń wò: ewé igi ló fẹ́, a fẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró, a já ọ̀mùnú, a tún sún lọ síbòmíràn. Ewé ìyeyè, ewé òdán, ewé ẹ̀pín, èyí ni oúnjẹ rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá máa so ó, tàbí bí a bá máa sé e mọ́lé, a jẹ́ pé àwa la ó máa gun igi fún un. Àwọn onímọ̀ ILCA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ní Áfíríkà, fi èyí han àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1980: wọ́n gbin àgunmániyè, igi Gliricidia, ní ìlà-ìlà sáàárín oko àgbàdo. Igi náà ń sọ ilẹ̀ jí, wọ́n sì ń gé ẹ̀ka rẹ̀ fún ẹran. Ẹni tó bá fi í ṣe ọgbà yí oko ká lónìí ti gbin oúnjẹ ewúrẹ́ láìya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún un.

Lẹ́yìn ewé, ilé ìdáná ló kàn. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, eèrí ògì, èèpo ẹ̀wà, kò sí èyí tí ewúrẹ́ kọ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ jù, pàápàá nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, òun náà ló sì gba ìṣọ́ra jù. Májèlé wà nínú èèpo tútù, bí ebi bá pa ewúrẹ́ wọ ìdí òkìtì rẹ̀, ó lè má dìde níbẹ̀. Kí a sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa ni ọgbọ́n rẹ̀. Èyí tó bá gbẹ á ṣe é kó sápò de ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ìyeyè bá wọ́wé tán.

Gbogbo oúnjẹ yìí, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fi èyí tó dùn jù nínú rẹ̀ sí. Mo wo ìyá kan ní abúlé kan lọ́nà Ìbàràpá bó ṣe ń ṣe é. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀, ó mú abọ́ páànù àlòkù kan, ó fi ṣíbí lù ú. Kò pẹ́ tí ìyá ewúrẹ́ ńlá kan fi yọ lẹ́yìn kòkó, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń forí gbá a níkùn, síbẹ̀ kò da eèrí inú abọ́ náà sílẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. 

"Ìyá àgbà, Elétí-kan ò tíì dé o."

"Lọ wò ó lẹ́yìn ilé Bàbá Kàmọ́rù. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n jẹun láìsí i."

Ìgbà tí Elétí-kan sáré dé ni eèrí tó kan ilẹ̀. Mo rò pé ohun tí òwe wa gbójú fò nìyẹn: ohùn kan náà, abọ́ kan náà, àsìkò kan náà, àti ẹni tó mọ̀ pé ọ̀kan ò sí níbẹ̀.

Bí ewúrẹ́ bá lóyún, oṣù márùn-ún ni yóò gbé e. Bí ọjọ́ bá pé, ọmú rẹ̀ á wú, á ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, á máa fẹsẹ̀ walẹ̀. Ẹ fún un ní ibi gbígbẹ, kí ẹ sì fi í sílẹ̀; ẹsẹ̀ iwájú méjì pẹ̀lú imú lórí wọn ló yẹ kó kọ́kọ́ yọ. Bí òmíràn bá ṣáájú, tàbí tó ti ń rọbí fún ìgbà pípẹ́ tí ohunkóhun ò yọ, ẹ pe dókítà ẹran. Bí ọmọ bá dé, ẹ nu imú rẹ̀, ẹ fi áyódìn sí ìdodo rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ó mu wàrà àkọ́kọ́ láàárín wákàtí díẹ̀ sí i; nínú wàrà yẹn ni agbára tó ń gbógun ti àrùn wà. Ìbẹ́ta ló ń dán olùsìn wò. Ọmú méjì péré ni ewúrẹ́ ní. Àwọn méjì tó lágbára á gbá a mú, ẹ̀kẹta á dúró sẹ́yìn, á máa dún, títí ohùn rẹ̀ á fi lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń tì í wọlé sídìí ọmú láàárọ̀ àti lálẹ́, tó di ìyá mú fún un, ló ń rí ẹ̀kẹta tà lọ́dún tó ń bọ̀.

Òbúkọ kan tó abo 20, nítorí náà ìdílé tó ní abo mẹ́ta ò nílò láti máa bọ́ ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n tilẹ̀ lè yá ti aládùúgbò. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé òbúkọ ò mọ ọmọ rẹ̀ yàtọ̀. Bó bá pẹ́ jù nínú ilé, á gun ọmọ, á gun ọmọ ọmọ, irú á sì máa kéré sí i. Àwọn akọ kéékèèké náà ń bẹ níbẹ̀, tí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í gun àbúrò ìyá wọn láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún. Kí a tètè tẹ àwọn tí a ó tà lọ́dàá, kí a sì fi òbúkọ ilé ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú abúlé mìíràn kí àwọn abo ọmọ rẹ̀ tó bàlágà.

Kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀. Ẹran tó wà nínú ọgbà ò ní ẹsẹ̀ tí yóò gbé sá. Àwa la ó sá fún un. Àrùn tó ń pa ewúrẹ́ run jù lọ́dọ̀ wa ni èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní kata, tí ìwé ń pè ní PPR. Ọdún 1942 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, ní Ivory Coast. Ara á gbóná, ojú àti imú á máa dà, ẹnu á ṣe egbò, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e, kí ọ̀sẹ̀ kan tó yí po agbo lè ti tán. Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára wà, ó sì ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ilẹ̀ wa ni ọ̀kan pàtàkì nínú àjẹsára náà ti wá: kòkòrò tí wọ́n gbà ní Nàìjíríà lọ́dún 1975 ni wọ́n fi ṣe é, orúkọ rẹ̀ sì ni Nigeria 75/1 títí di òní. Òun làwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ń lò bí wọ́n ṣe ń lépa àtimú àrùn náà kúrò láyé kó tó di 2030. Yóò burú púpọ̀ bó bá jẹ́ pé ewúrẹ́ tiwa ni kò rí i gbà. Kí a gbà á kí ọyẹ́ tó dé, kí a rí i pé inú yìnyín ni ẹni tó fẹ́ gún un gbé e wá, kí a sì ya ẹran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dara pọ̀ mọ́ ti ilé.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò wá kù. Kò sí èlùbọ́ tí wọ́n sá sẹ́bàá ọ̀nà tí ewúrẹ́ ò mọ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ ìjà ni ẹran tó ń jẹ̀ kiri, ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ló sì ti fi òfin dè é. Ẹran tó ń rìn láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò sí ẹ̀sùn tí wọn ò lè fi kàn án. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn fijilanté kan fa ewúrẹ́ kan lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ní ìpínlẹ̀ Kúwárà, wọ́n ní olè ọkọ̀ ni, pé ìgbà tí àwọn ń lé e ló di ewúrẹ́. Gbogbo ayé fi rẹ́rìn-ín. Bí ti yín bá jẹ oko ẹni, ẹ tètè lọ tọrọ àforíjì pẹ̀lú owó ohun tó jẹ. Ó dínwó ju ìyà tí wọn yóò fi jẹ ẹran náà lọ.

Títà ló máa ń fi ẹni tó mọ ẹran sìn hàn. Owó ilé ìwé dé, ìsìnkú dé, oníbàárà wọ ọgbà, ó nàka sí abo tó sanra jù, tó ń bí ìbejì tó sì ń tọ́ wọn yè. Owó rẹ̀ ló pọ̀ jù, òun náà ni àìní sì máa ń fẹ́ kéèyàn tà. Bí a bá tà á, èyí tí ara rẹ̀ ò le, tí ọmọ rẹ̀ ń kú, ló kù láti bímọ fún wa. Lẹ́ẹ̀mẹta péré irú ìyẹn, agbo ti bàjẹ́, a ó wá máa ní ilé wa ò gba ẹran. Àwọn akọ tí a tẹ̀ lọ́dàá ni kí a tọ́jú de Kérésì, Àjíǹde, Iléyá àti ìgbéyàwó, nígbà tí owó ẹran bá lé. Abo tó gbó, tàbí tó ń já oyún léraléra, kó tẹ̀ lé wọn. Èyí tó dára jù, kí a sọ fún oníbàárà pé kì í ṣe títà, bó ti wù kí owó ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ tó.