Ẹni Tí Oúnjẹ Kò Lè Pè Padà

Àbúrò mi kan ní Abẹ́òkúta ní ajá kan tó ń jẹ́ Tanímọ̀la. Ọdún 14 rèé tó ti wà nílé wọn. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ti rọ, orí ẹní tó ń sùn ló ń tọ̀ sí. Dókítà ẹran ní kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, pé abẹ́rẹ́ kan wà tí yóò fi sùn tí kò sì ní jí. Àbúrò mi wá bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jókòó ti àwọn babaláwo, kí ni Ifá wí? Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gún un ni, àbí kí n ṣì máa wò ó?"

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ dé ẹnu mi ni pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo gbé e mì. Ajá tó tọ̀ sórí ẹní kò mọ̀ pé ẹ̀sín ni. Àwa tí à ń nu ilẹ̀ ni ojú ń tì.

Odù Ifá tó ń jẹ́ Ògúndá Méjì ni mo wá rántí. Nínú ẹsẹ kan níbẹ̀, Ọ̀rúnmìlà bi àwọn òrìṣà léèrè pé ta ni nínú wọn tó lè bá olùsìn rẹ̀ rin ìrìn àjò tó jìn títí kọjá òkun, láì fi í sílẹ̀ lọ́nà. Ṣàngó ní òun lè ṣe é. Wọ́n ní bó bá wá dé Kòso, tí wọ́n gbé àmàlà àti gbẹ̀gìrì síwájú rẹ̀ ńkọ́? Ó ní bí òun bá yó tán, ilé òun lòun ń lọ. Wọ́n bi Ògún pé bó bá dé Ìrè, tí wọ́n fi ajá bọ ọ́ ńkọ́? Òun náà yóò yó, yóò sì padà. Bí wọ́n ṣe ń bi wọ́n lọ nìyẹn títí tó fi kan Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀, òun náà kò sì lè lọ dópin. Orí nìkan ló kù.

Ìyìn Orí ni wọ́n sábà máa ń fi ẹsẹ yìí kọ́ni, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó padà. Ifá kò pe ìkankan nínú wọn ní ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tó ń sin èèyàn sọ́nà ní ibi tí yóò ti dágbére. Ọdún 14 ni Tanímọ̀la fi tẹ̀ lé àbúrò mi. Nísinsìnyí ajá ló ń lọ, olówó rẹ̀ ló ń sìn ín. Ìdágbére gan-an ló nira fún un. Ó di arìnrìn-àjò láṣọ mú, ó ní ìfẹ́ ni.

Ẹnìkan lè ní kí ni ti ariwo, ṣebí nínú ẹsẹ yìí kan náà, oúnjẹ Ògún ni ajá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ifá tó gbé ajá síwájú Ògún náà ló kún fún ìtàn ẹranko àti ẹyẹ tí wọ́n dìde lọ dáfá nítorí ìṣòro ara wọn. Ẹranko náà ní ìbéèrè tirẹ̀.

Inú ìbéèrè lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó lọ dáfá á sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó tó fẹ́ fi dáfá. Babaláwo kì í gbọ́ ọ. Bí ìbéèrè bá wọ́, kí la fẹ́ kí ìdáhùn ṣe? "Ṣé mo lè gbé ilé yìí láìsí i?" ni àbúrò mi ń sọ sí owó. Ìbéèrè tirẹ̀ nìyẹn. Ti ajá ni pé: "Kí ló kù tí mo ń gbádùn?"

Dókítà ẹran kan ní Amẹ́ríkà, Alice Villalobos, ti gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ ní 2004 tó ń bèèrè bẹ́ẹ̀. Ohun méje ló ń wò: ìrora, oúnjẹ, omi ara, ìmọ́tótó, inú dídùn, ìrìn, àti bóyá ọjọ́ tó dára pọ̀ ju èyí tó burú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba máàkì láti 0 dé 10. Bí àpapọ̀ bá ju 35 lọ, ìtọ́jú ṣì lérè. Mo ní kí àbúrò mi máa sàmì sí kàlẹ́ńdà, kó fa igi sí ọjọ́ tó burú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ 11 ló fa igi sí.

Ẹbọ wo ló kù? Kó má ṣe gbé e jù sínú igbó bí àwọn mìíràn ti ń ṣe. Kó má sì rán ọmọ lọ. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé orí ajá náà dání títí oorun yóò fi gbé e, kí ọkàn rẹ̀ tó dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gún ajá náà lábẹ́rẹ́, àbúrò mi ra àkàrà, oúnjẹ tí Tanímọ̀la fẹ́ràn jù láti kékeré. Ajá gbóòórùn rẹ̀, ó sì yí ojú kúrò. Nínú ẹsẹ yẹn, gbogbo ẹni tí oúnjẹ ṣì lè pè ló padà sílé.

Àbúrò mi ló jẹ àkàrà náà nínú ọkọ̀, nígbà tó ń bọ̀.