Kí Àìsàn Tó Dé Ló Ti Pèsè Ìwòsàn



Àìpẹ́ tí Olúwa sọ̀ mí láyọ̀ ni ẹsẹ̀ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ọ̀tún wà bó ṣe wà, àmọ́ òsì le, ó gbóná, ẹ̀yìn ojúgun sì ń ro mí gidigidi. Màmá mi ti gbé àdí kalẹ̀ pé àwọn fẹ́ wọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò ló bọ́ sí i: “Ẹ má wọ́ ọ o, Màmá! Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.”

Ọlọ́run ló rán an. Nígbà tá a dé ilé ìwòsàn, wọ́n fi ẹ̀rọ wo ẹsẹ̀ náà, ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan ńlá. Bí ó bá já, ó lè lọ dí iṣan ẹ̀dọ̀fóró, kó sì gba ẹ̀mí.

Wọ́n ń gún mi ní abẹ́rẹ́ hẹ́párìn. Mo bi dókítà bóyá òun ló máa yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì náà. Ó ní rárá, ńṣe ni kò ní jẹ́ kí òmíràn dì lé e. “Ara yín fúnra rẹ̀ ló máa yọ́ ọ.”

Ó ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tò ní ìpele kan ṣoṣo sára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ látinú, àwọn ló sì ń tú èròjà tí wọ́n ń pè ní tPA jáde. Ẹ̀dọ̀ náà ti ṣe èròjà mìíràn, plasminogen, sínú ẹ̀jẹ̀, tó kàn ń bá a rìn. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé lára fibrin, okùn tó di ẹ̀jẹ̀ náà mú, tPA á sọ plasminogen di plasmin, plasmin á sì gé okùn náà wẹ́wẹ́. Níbi tí kò bá sí fibrin, agbára tPA kéré. Ibi tí wàhálà wà gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́!

Ẹ̀dà tPA yìí náà ni oògùn tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1987 fún ìkọlù ọkàn, àti ní 1996 fún rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ dídì fà.

Ẹsẹ̀ mi ti fà, ẹ̀jẹ̀ sì ń kọjá níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà. Bí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú, ẹ má wọ́ ọ, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Ẹlẹ́dàá tó fi ìwòsàn sínú iṣan mi kí n tó ṣàìsàn, Òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.