Ojú Ló Ń Ra Aṣọ Àga, Ìdí Ló Ń Jókòó Lé Fóòmù

Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Ọmọ ènìyàn ni àwọn àgbà ń bá wí nígbà tí wọ́n pa òwe náà, ṣùgbọ́n orí àga ìyá mi ní Ajíbọ́dẹ ni mo ti rí ìtumọ̀ rẹ̀ kedere.

Àga onígi mẹ́rin ni ìyá mi ní. Igi wọn ṣì le koko. Tìmùtìmù orí wọn ló ti gbó. Mo ní n óò fọwọ́ ara mi ṣe òmíràn, torí ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Mo ra aṣọ àga tó rẹwà, mo náwó lé e. Nígbà tó kan fóòmù, èyí tówó rẹ̀ kéré jù ni mo mú. Mo ní, ta ni yóò tú aṣọ wò? Ọjọ́ tí mo tò wọ́n sórí àga, gbogbo ẹni tó wọlé ló yìn mí. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí igi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gún ìyá mi, kò sì sọ ọ́. Ọjọ́ tí mo rí i tó ká ìró rẹ̀ àtijọ́ sí mẹ́rin, tó tẹ́ ẹ lé tìmùtìmù tí mo rán kó tó jókòó, ojú tì mí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lọ pé ọdún kan.

Mo gba ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń ṣe àga ládùúgbò lọ, mo ro ẹjọ́ mi fún un. Bàbá gbé fóòmù méjì síwájú mi, wọ́n ga bákan náà, wọ́n fẹ̀ bákan náà.

“Gbé wọn wò, ọmọ mi.”

Ọ̀kan fúyẹ́ bí ìyẹ́, èkejì wúwo díẹ̀ lọ́wọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, kí ló fà á?”

“Afẹ́fẹ́ lo lọ rà lọ́jọ́sí.”

Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Lọ́dún 1937 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Otto Bayer àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Leverkusen, ní Jámánì, ṣàwárí ìmọ̀ tí wọ́n padà fi ṣe fóòmù yìí. Lọ́dún 1962 ni wọ́n dá Vitafoam, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fóòmù, sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Díẹ̀díẹ̀ ni fóòmù gba ipò lọ́wọ́ òwú àràbà tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí. Bí wọ́n bá ń ṣe fóòmù, wọ́n á po àwọn èròjà olómi pọ̀ mọ́ omi díẹ̀, gáàsì á yọ nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí a ti pò, ihò wẹ́wẹ́ á kún inú rẹ̀. Níbi tí èròjà bá ti kéré, ògiri àwọn ihò náà á tín-ín-rín. Bí a bá ti ń jókòó lé e, wọ́n á wó, wọn ò ní í dìde mọ́. Líle kọ́ ni kí á fi mọ ojúlówó o. Fóòmù kan lè rọ̀ kó sì tọ́jọ́. Òmíràn á le lónìí, á tẹ́ pẹrẹsẹ lọ́la. Bí ó ṣe wúwo sí ni kí á kọ́kọ́ béèrè.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bàbá ní kí n wọn àga kọ̀ọ̀kan, torí àga tí a fọwọ́ kàn kì í bá ara wọn dọ́gba. Èyí tó jẹ́ íǹṣì 18, ó ní kí n gé fóòmù rẹ̀ ní 18 àtààbọ̀, kí igun aṣọ lè kún dáadáa. Mo fa ìlà sí ojú méjèèjì, mo ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Fóòmù sún kì. Nígbà tí mo gbọ́wọ́, etí rẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́. Bàbá gba ọ̀bẹ, ó pọ́n ọn, ó ń fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fà á lọ fà á bọ̀, kò tẹ̀ ẹ́ rárá. Etí rẹ̀ gún bí ògiri. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Mo sọ fún bàbá pé owó ọwọ́ mi kò lè ra ojúlówó fún àga mẹ́rin. Ó ní, “Ra aṣọ tí kò wọ́n, má dín fóòmù kù. Bí kò bá sì tó, ṣe méjì báyìí, ṣe méjì tó bá dọ̀la.” Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn.

Birikìlà tó dín sìmẹ́ǹtì kù nínú ìpìlẹ̀, télọ̀ tó fi òwú jíjẹrà rán abẹ́ aṣọ, ohun tí mo ṣe ni wọ́n ń ṣe: ìyìn ojú ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹni tí iṣẹ́ náà yóò gbé ró kò sí lọ́kàn wọn. Ẹni tó yìn mí kò jókòó ju wákàtí kan lọ. Ìyá mi ló ń jókòó níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ìdí iṣẹ́ ẹni la ti ń mọ ẹni lọ́lẹ. Ní báyìí, bí mo bá wọlé, n kì í wo aṣọ àga mọ́. Ìyá mi ni mò ń wò. Ó jókòó, ó fẹ̀yìn tì, ìró àtijọ́ yẹn sì ti padà sínú àpótí.