Irú Ìrántí Wo Ni Ó Tọ́ sí Olùkọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè, ọjọ́ a bá kú ni à á dère. Kò sí ibi tí òwe yìí ti ń ṣẹ tó ibi ìsìnkú olùkọ́. Bí ìyá àgbàlagbà kan tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bá papò dà, a ó ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì: olùkọ́ tòótọ́ ni, kì í pa ìsìn jẹ, ìyá àgbà rere ni fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Gbogbo ìjọ yóò ṣe àmín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá jẹ, tí a mu, tí a sì tú ká, mélòó nínú wa ni ó lè sọ ohun kan pàtó tí ìyá náà kọ́ ẹnikẹ́ni? Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: irú ìrántí wo ni ó tọ́ sí olùkọ́ tí ó ti kọjá lọ?

Kí ọ̀rọ̀ wa lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ jẹ́ kí á mú ẹnìkan tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1900 ni a bí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti sí ìlú Abẹ́òkúta, nínú ìdílé onígbàgbọ́. Ní ọdún 1914, ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tí Abẹ́òkúta Grammar School kọ́kọ́ gbà. Ó lọ kàwé sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, ó padà dé ní 1922, ó sì di olùkọ́. Ní 1925 ni ó fẹ́ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, àlùfáà àti olùkọ́, ẹni tí ó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà. Olùkọ́, ìyàwó àlùfáà, ìyá ọmọ mẹ́rin, ìyá àgbà: bí a bá fẹ́ ka ìtàn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ kò ní wọ́n wa.

Ẹ wá bi akẹ́kọ̀ọ́ kan léèrè ohun tí ó mọ̀ nípa ìyá yìí. Ó ṣeé ṣe kí ó dáhùn pé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Nàìjíríà. Òmíràn yóò ní òun ni ó lé Aláké kúrò lórí ìtẹ́. Òmíràn yóò rántí ikú rẹ̀ nìkan: bí àwọn ọmọ-ogun ṣe ju ìyá ẹni ọdún 76 láti ojú fèrèsé òkè ilé ní oṣù kejì ọdún 1977, tí ó sì kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978.

Kò burú kí á rántí ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wádìí ohun tí wọ́n ń kọ́ wa. Jíjẹ́ ẹni àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun tí a lè kọ́ lára ẹni. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó lè jẹ́ ẹ. Ikú oró ń mú wa bínú, ṣùgbọ́n kò sọ fún wa bí a ṣe lè gbé ayé. Ní ti Aláké Adémọ́lá Kejì, òótọ́ ni pé ó fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Òótọ́ sì ni pé ó padà dé ní ìparí ọdún 1950.

Kí wá ni ohun tí kò yẹ̀? Ní nǹkan bí ọdún 1944, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ó kàwé, tí ìyá yìí dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ṣílẹ̀kùn fún àwọn obìnrin ọlọ́jà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Níbẹ̀ ni olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ ti di akẹ́kọ̀ọ́. Ó gbọ́ bí wọ́n ti ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ó gbọ́ ìnira owó-orí. Ó bọ́ aṣọ òyìnbó, ó ró ìró, ó wọ bùbá, kí ẹni tí ó ń kọ́ má baà sá fún un. Èdè Yorùbá ni ó fi ń bá àwọn òyìnbó ìjọba sọ̀rọ̀ ní gbangba, kí ọlọ́jà lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa òun. Láti inú kíláàsì yẹn ni ẹgbẹ́ tí ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ sí ààfin ti jáde. Ọba tí ó lọ padà dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti mọ̀wé kò tún padà di aláìmọ̀wé.

Ẹnìkan lè bèèrè pé: àbùkù olóògbé ńkọ́? Ṣé ó yẹ kí á sọ ọ́? Fẹlá, ọmọ rẹ̀, sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn òbí òun máa ń na òun ní ànàbolẹ̀. Àwọn kan yóò ní a kì í sọ irú èyí nípa òkú. Mo gbà pé ọmọ olóògbé ní ẹ̀tọ́ sí ìtùnú. Síbẹ̀, oríkì àwọn baba wa pàápàá kì í fi gbogbo àbùkù bò. A ń kì wọ́n mọ́ ìwà líle àti àṣìṣe wọn, kò sì dín iyì wọn kù. Bí a bá sọ pé olóògbé kò ní àbàwọ́n rárá, olùkọ́ ọ̀dọ́ tí ó mọ àbùkù ara rẹ̀ yóò sọ pé, "Èmi kò lè dà bí ìyá yẹn láéláé." Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ tí pàṣán kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó ronú. A kàn ń júbà ère ni. Ère kò sì lè kọ́ni.

Ní èrò tèmi, ìrántí tí ó tọ́ sí olùkọ́ ni èyí tí ẹlòmíràn lè fi ṣiṣẹ́: kí á sọ ohun tí ó kọ́ni, ẹni tí ó kọ́, bí ó ṣe kọ́ ọ, àti ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, bóyá ìyá àgbà kan wà ní àdúgbò yín tí ó kọ́ yín ní á, bí, dí. Ẹ má dúró de ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀. Ẹ lọ kí i lónìí, ẹ bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì lè tún un ṣe níbi tí ẹ bá ti ṣì í kọ.